Ìṣẹ́jú Márùn-ún fún Ẹ̀gẹ́ Bàbá Mi

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan nínú àpò ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní Lalupon, kódà kí o tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Oko bàbá mi wà lẹ́yìn ìlú, lórí ilẹ̀ ẹbí. Ẹ̀gẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò sí lóko ẹlòmíì: igi rẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Lọ́dún tí àrùn mú kí ewé ẹ̀gẹ́ gbogbo àdúgbò ká kò, ti bàbá mi nìkan ni kò ṣe nǹkan kan.

"Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ irúgbìn wò," ni bàbá mi wí fún mi, "bá mi wo ohun tó wà nínú ẹ̀gẹ́ yìí."

Mo já ewé rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀gá wa obìnrin ní bí èsì bá dára, a ó lọ gé igi rẹ̀ wá gbìn sóko ìwádìí. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi, inú wọn dùn. A ní ẹ̀rọ kan tó ń fa omi àyẹ̀wò láti inú ike kan sí òmíràn, èmi ni mo sì máa ń kọ ohun tí yóò ṣe sínú kọ̀ǹpútà: fa èyí, dà á síbẹ̀, dúró. Ìdúró yẹn ṣe kókó. Hóró irin tó kéré bí eruku ló ń di ohun tí à ń wá nínú ewé mú. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí òòfà lè fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, kó tó fa omi tó kù dànù.

Mo kọ márùn-ún. Ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ̀rọ kà á sí. Kí n tó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fa gbogbo rẹ̀ dànù. Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ fi omi lásán dán an wò, ṣùgbọ́n mo ń kánjú gbé èsì lọ sílé.

Ọ̀rẹ́, ojú tì mí. Mo ní n óò lọ já ewé mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, ó di oṣù. Bí bàbá mi bá pè, mo máa ń ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá." Nígbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́, ara sì tù mí.

Lọ́jọ́ tí mo padà délé, katapílà ti kọjá lórí oko náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ta ilẹ̀. Bàbá mi jókòó síwájú ilé, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ ò gé igi kankan pamọ́?"

"Mo fẹ́ gé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ò wá gé e, mo ní kò wúlò ni, pé ojú ló ń tì ọ́ láti sọ fún mi."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀.

"A jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ mi dáa nìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́.

Wọn ò bá mi jà. Ìbá sàn kí wọ́n bá mi jà. Àgbàdo nìkan ni wọ́n gbìn lẹ́yìn ilé títí wọ́n fi kú. Ní ti àṣìṣe ẹ̀rọ, ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ni ọ̀gá mi ti dárí rẹ̀ jì mí. Èyí tó ń pa mí lẹ́kún dòní ni àwọn oṣù tí mo fi jẹ́ kí bàbá mi gbà pé ohun tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn tọ́jú kò já mọ́ nǹkan kan.