Olùkọ́ Wa ní Pápá Ẹṣin Bódìjà

Olùkọ́ wa obìnrin kì í pariwo mọ́ ẹṣin. Wọn á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́rùn, wọn á ní, "Ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ yín ná." Ní Bódìjà, láyé ìjọba ológun, ni wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ó ṣe máa fi ẹṣin ran àwọn tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, opó kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ di ìjánu ẹṣin kan mú, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ẹṣin náà létí. Àbúrò ọ̀gá tó ni pápá náà, tó ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú wa, ní opó náà ń fi àkókò ṣòfò. Ló bá fi kòbókò na ẹṣin náà. Ẹṣin ta gìrì, obìnrin náà ṣubú, ó figbe ta. Kò padà wá mọ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ọ̀gá ní kí olùkọ́ wa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí àbúrò òun.

Olùkọ́ wa ní, "Èmi kọ́ ni yóò fọwọ́ sí i! Igbe obìnrin yẹn ṣì wà létí mi."

Ọ̀gá lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ lójú gbogbo wa. Àbúrò rẹ̀ ló fi rọ́pò wọn. Inú ṣì ń bí mi.