Bátìrì Baba Tánkò àti Ẹgbẹ́ Wáyà Gbóná

Kò sí ẹgbẹ́ akọrin kankan lábẹ́ ọ̀run, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó ìbáà jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú, tí ẹja ti jáde nínú odò wá gbọ́ orin wọn rí, àfi tiwa. Ojú mi yìí ni mo fi rí i. Àrọ̀ méjì àti ọ̀bọ̀kún kan fi ìrù dúró létí omi Agboyi, wọ́n ń mi orí sí gìtá. Nígbà tí orin parí, àwọn àrọ̀ padà sílé, ṣùgbọ́n ọ̀bọ̀kún yẹn kọ̀, ó ní a kò tíì kọ èyí tí òun fẹ́ràn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi àwọn ẹja náà.

Àárọ̀ àná ni ọ̀rọ̀ náà tún jí nínú mi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkòsí níbí, Bísọ́lá, ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lé orí garawa tó dojú dé. Lójijì ni gìtá kan bú jáde nínú fóònù náà, ó ń ké bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ayùn rẹ́ páànù. Ife tíì tó wà lọ́wọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo bi í pé orin wo nìyẹn.

"Rọ́ọ̀kì ni, Grandpa, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tí gbogbo ayé ń gbọ́ o. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn tó yàtọ̀ ló ń gbọ́ ọ."

Àwọn tó yàtọ̀! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jókòó.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, irun àgbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni, mo sì ti fi ilé ìwé mọ́dà sílẹ̀ ní kíláàsì kejì, torí pé èmi àti ìṣirò kò gbọ́ra wa yé. Ẹni mẹ́ta péré ni Ẹgbẹ́ Wáyà Gbóná. Ràfíù ló ń ta gìtá, òun náà ló ń kọrin. Ọmọ Agboyi ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Bó bá ń jẹun pàápàá, yóò máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbòmíràn. Sáńdè, ọmọ ìyá alálùbọ́sà kan ní Mile 12, ló ń lu dírọ́ọ̀mù, ìyẹn ni pé ó ń lu agba epo méjì àti ìdérí ìkòkò kan tí ìyá rẹ̀ wá títí kò rí. Èmi ni mánéjà. Iṣẹ́ mánéjà ni pé kí n máa gbé bátìrì.

Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ekúté la ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa nígbà tí ọkùnrin náà ń kó lọ sí ìlú rẹ̀. Irin ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, a sì ń pè é ní fèrè. Oògùn ekúté ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún orin. Ràfíù wá lẹ etí tẹlifóònù àtijọ́ kan mọ́ inú gìtá rẹ̀, ó fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí ara fèrè, bó bá sì ti fi ìka kan án báyìí, ohùn gìtá á há sí fèrè lọ́fun, á ya, á máa hó bí ìkòkò tó fẹ́ dànù. Àwọn àgbà ọjà ní ó ti bàjẹ́. Àwa ní ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dára.

Bátìrì mọ́tò nìkan ló lè gbé fèrè náà, a ò sì ní mọ́tò. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fi wá sẹ́yìn ọjà Mile 12, létí omi Agboyi, kò sùn. Àwọn lọ́rì tó ń kó tòmátì àti àlùbọ́sà bọ̀ láti Òkè Ọya máa ń dé ní ìdájí. Bí wọ́n bá ti já ẹrù tán, tí wọ́n kí ìrun àìlà, àwọn dírẹ́bà á tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sùn títí di ìrun alásárì. Àárín ìrun méjèèjì yẹn ni gbogbo ayé wa wà. Màá rọra fi sípánà tú bátìrì ọ̀kan nínú wọn, màá gbé e lé òṣùká, màá sáré gba àárín àwọn àpò àlùbọ́sà dé ìdí fèrè. Kí dírẹ́bà tó jí, bátìrì rẹ̀ á ti padà sáyè rẹ̀, màá tiẹ̀ ti bá a nù ún. Omi bátìrì kò jẹ́ kí ẹ̀wù mi kankan gbó. Ó ti jẹ gbogbo wọn bí asẹ́. Ìyá mi rò pé eku ni, ó da oògùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ibi tí orin wa ti yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé nìyẹn. Ẹni tó ń fi bátìrì ẹlòmíràn kọrin kò ráyè fa ègbè gùn. A ó bẹ̀rẹ̀, a ó pariwo, a ó parí, ó tán. Bí a sì ṣe ń ṣe é la ń bojú wẹ̀yìn bóyá dírẹ́bà ti ń bọ̀: Ràfíù á wo ọ̀tún, Sáńdè á wo òsì, èmi á wo gbogbo ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá wò wá rò pé ijó ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, kò sí ọmọ Ketu tó lè jó mọ́ kó má máa bojú wẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ akọrin mìíràn dìde ní Alápẹ̀rẹ̀, ọmọ olówó ni wọ́n, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tiwọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti ń kọrin, ọrùn wọn á máa yí bí ti òwìwí. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ta ló ń lé wọn.

"Sítáìlì ni, bọ̀dá," ló fi dá mi lóhùn. "Ẹ̀yin ò mọ sítáìlì ni?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ Ràfíù lọ́kàn, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Yanrìn ni bàbá náà ń wà ní Agboyi. Nígbà náà, èèyàn ló ń wọ ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú garawa, yóò dákẹ́ mímí, yóò bu yanrìn, yóò gòkè wá dà á sínú ọkọ̀ ojú omi. Àyà ti ń dun bàbá náà, ó sì fẹ́ kí Ràfíù rọ́pò òun. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ gìtá. Wáyà gìtá ń fẹ́ kí orí ìka le bí èékánná. Ìka tó bá wà nínú omi láti àárọ̀ á rọ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ tíì, wáyà á sì gé e. Ràfíù gbìyànjú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń nù kúrò lára gìtá. Ó ní láti mú ọ̀kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá náà là á mọ́lẹ̀ fún un lójú wa. "Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, yálà kí o wọ inú ọkọ̀ mi, tàbí kí o má wọ inú ilé mi mọ́."

"Bàámi, ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá dáa létí yín, màá gbé garawa."

Bàbá náà wò ó títí. "Lẹ́ẹ̀kan," ló wí.

Lọ́jọ́ ọjà náà, mo wá dírẹ́bà tí oorun rẹ̀ wúwo jù. Baba Tánkò ni, àgbàlagbà ará Kàdúná kan tó máa ń hanrun débi pé àwọn àgbò inú ọjà ń dá a lóhùn. Mo tú bátìrì rẹ̀. Bàbá Ràfíù wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ìró tó ró mọ́dìí ṣì tutù, ó dúró nídìí àwọn àpò, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Ràfíù kọ orin kìíní. Ojú bàbá kò yí padà. Ó kọ ìkejì. Bàbá ní, "Ṣé ó ti tán?" Ràfíù ní ó ku ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀kan tó kù yẹn, a ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó gùn. Ó ń yí, ó ń gòkè, ó ń já bọ́, Sáńdè ń lé e bí ẹni ń lé ewúrẹ́ tó já, Ràfíù di ojú rẹ̀, kò bojú wo ibì kankan. Mo gbọ́ ìpè alásárì. Mo ń fi ọwọ́ ṣe é fún un pé ó tó. Kò rí mi. Títí fèrè fi mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì dákẹ́. Bátìrì ti kú.

Ìgbà náà la rí Baba Tánkò lẹ́yìn wa, ó mú búùtà àlùwàlá rẹ̀ dání.

"Kai! Bátìrì ta nìyí?"

"Tiyín ni, Baba," mo ní. "Ooru mú un, a ní ká gbé e wá síta kó fẹ́ atẹ́gùn."

"Wàláhì, ẹ ti pa á! Ọ̀nà Kàdúná ni mò ń lọ, mánéjà olè yìí!"

A dá a padà sínú ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, lọ́rì náà kàn húkọ́ lásán ni. Ó di kí a máa tì í. Alábàárù wá, àwọn ìyá alálùbọ́sà wá, Sáńdè fi èjìká, èmi fi ìdí. Bàbá Ràfíù náà tú ọwọ́ tó ká mọ́ àyà, ó wá fi èjìká ti lọ́rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo wà, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Ariwo ni," bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Ṣùgbọ́n o ò mí. Mò ń wò ọ́. O ò mí rárá. Bí èmi náà ṣe ń ṣe lábẹ́ omi nìyẹn."

Ràfíù tún fi èjìká ti lọ́rì náà. Ẹ́ńjìnnì sì gbá, ó bú, èéfín bo gbogbo wa. Lọ́rì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀. Baba Tánkò kò jẹ́ dá a dúró, torí bó bá kú, ọ̀rọ̀ tún di títì. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Onígìtá! Ẹni tó pa bátìrì ni yóò bá mi tì í bó bá kú lọ́nà! Bọ́ sókè! Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà ní Kàdúná, aláriwo ni wọ́n ń wá!"

Àwàdà ló ń ṣe, mo rò bẹ́ẹ̀. Ràfíù wo bàbá rẹ̀. Lọ́rì ń lọ. Bàbá ní, "Gòkè." Ràfíù sáré já gìtá kúrò lára fèrè, ó jù ú sáàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ó fò sókè tẹ̀lé e. Nígbà tí lọ́rì fẹ́ yà, ó yíjú sí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó pariwo: "Mánéjà! Tọ́jú fèrè wa! Mò ń bọ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀!"

Bí Wáyà Gbóná ṣe parí nìyẹn, bátìrì ti kú, onígìtá ti lọ. Lẹ́yìn ìgbà òjò, Baba Tánkò tún kó àlùbọ́sà wá, ó ní ara Ràfíù le, ó ń ta gìtá ní hòtẹ́ẹ̀lì náà, pé iná ibẹ̀ kì í lọ, torí náà orin rẹ̀ ti wá ń falẹ̀. Inú mi bàjẹ́ fún ìyẹn ju bí ó ṣe lọ lọ. Bàbá rẹ̀ ń wa yanrìn tirẹ̀ nìṣó, tòun ti àyà dídùn, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wọ ọkọ̀ wá sí Mile 12, yóò di ẹja gbígbẹ sínú bébà, yóò máa bi àwọn dírẹ́bà pé, "Ta ló ń lọ sí Kàdúná?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú.

Ẹ̀rọ ló ń fa yanrìn odò báyìí, ariwo rẹ̀ ju tiwa lọ, kò sì sí ẹni tó ń dákẹ́ mímí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí ní Ketu lọ́jọ́ Sunday, kí ẹ wo onígìtá wọn. Yóò bojú wẹ̀yìn, kò mọ ìdí. Bí ẹ bá sì rí tírélà tí wọ́n fi irin ká bátìrì rẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi àgádágodo lé e, àwa ni. Ẹgbẹ́ akọrin wo ló tún yí iṣẹ́ àwọn wẹ́dà padà bẹ́ẹ̀?

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Bísọ́lá lánàá. Ó pa fóònù, ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Grandpa, ẹ ní ó ní òun ń bọ̀. Kò wá. Òpùrọ́ ni ọ̀rẹ́ yín nìyẹn o."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ti ń sọ ìtàn yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sí ẹni tó pe Ràfíù ní òpùrọ́ rí. Mo sọ òtítọ́ fún un, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ: Ràfíù kò sọ pé òun ń bọ̀. Kò yíjú sí mi, kò pariwo nǹkan kan. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Bàbá rẹ̀ ló ń wò, bàbá rẹ̀ sì ń wò ó, títí lọ́rì fi yà.