Ìborùn Mi Tó Di Àwọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ṣì rẹ̀ mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí o!

Ẹ mọ̀ pé iléèwé jẹ́léósinmi kan létí òkun, ní Àgbádárìgì níbí, ni mo ti ń ṣe àǹtí. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ lórin ìparí táàmù. Sẹ̀nami ọmọ mi náà wà níbẹ̀. Nílé, á máa dún bí ẹ̀ga, Ègùn bàbá rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá tèmi. Níléèwé ńkọ́? Kẹ́kẹ́ pa! Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ pé tí òun ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ kí táàmù tó parí, kíláàsì yẹn náà ló máa tún ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tò wọ́n sórí ìlà, ọwọ́ lẹ́yìn, "do-re-mi". Ṣé orin ló ń jáde ni, àbí ìmí ẹ̀dùn? Sẹ̀nami á kàn máa wo bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti fọṣọ, mo ti pọnmi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Nígbà tí mo fi dé kíláàsì, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń fi ìborùn nu òógùn. Bí ọmọ kan ṣe di etí ìborùn náà mú nìyẹn! Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ń fà á bí àwọn bàbá wọn ṣe ń fa àwọ̀n wọ etíkun. Ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, gbì! Èkejì, gbì! Èmi tí mo di etí kejì mú wá di ẹja.

"Ẹ fà á!" lẹ́nì kan ń ké.

"Ó ń bọ̀!" làwọn yòókù ń dáhùn.

"Ẹ jókòó" ti dé ètè mi, àmọ́ agbára àtipariwo ò sí.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹni tó ń ká okùn máa ń dúró sí: "Ẹja ńlá ni o! Màámi ni o!" Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ lórin yẹn. Sẹ̀nami mi! Gbogbo wọn sì ń gbè é.

Ọ̀gá wa já wọlé, ó bi mí pé ṣé ọjà ẹja ni mo sọ kíláàsì dà.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣáà gbọ́ ohùn tó ń lé orin yẹn."

Ó tẹ́tí. Ó ní òun ti gbọ́, ọmọ náà á bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Àmọ́ níparí táàmù, orí ìlà ni kí wọ́n dúró o. Àwọn òbí ò rán ọmọ wá síléèwé kó wá máa fa àwọ̀n.

Mo ní "yes, mà".

Kì í ṣe ọgbọ́n mi ló la ọmọ yẹn lóhùn, àárẹ̀ ni. Ká ní mo lágbára lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti ní kí wọ́n jókòó. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa dúró díẹ̀ ká tó dá ọmọ lẹ́kun eré.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, kí lọmọ ti fi eré kọ́ ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mà á kà á tí mo bá ti nà gbalaja díẹ̀.