Hàjàrá Ò Fi Ìwé Dágbére

Bí ẹ bá dé Lálúpọn tí ẹ béèrè Hàjàrá onígàrí, ọmọdé á mú yín délé ẹ̀. Kì í ṣe pé ó lówó o. Gàrí ẹ̀ ló dáa: kò ní yanrìn, kò sì kan jù. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́ látìgbà tí wọ́n ti gbé wa níyàwó. Ẹnu tèmi ló mú, ọwọ́ ni tiẹ̀.

Ojú ló wá dá a dúró. Èéfín ààrò ti jẹ ẹ́ débi pé á máa da gàrí sí ẹ̀gbẹ́ àpò, á lóun ti rọ ọ́ kún. Dókítà ní tó bá tún ń súnmọ́ èéfín, ojú náà á fọ́ pátápátá. Hàjàrá ní ó tó, òun á ti ilé gàrí, òun á ta ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, òun á jókòó.

Iná sólà ló kù. Ilé-iṣẹ́ kan ló fa wáyà ẹ̀ wọ ilé gàrí fún un. Àdéhùn ọdún kan ni. Oṣooṣù lá máa sanwó, ó lọ ẹ̀gẹ́ o, kò lọ o. Tó bá fẹ́ kúrò, kó kọ̀wé ránṣẹ́ nígbà tí ó bá ku oṣù kan kọ́dún pé. Bí kò bá kọ ọ́, ọdún míì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lateef, òṣìṣẹ́ wọn tó mú un wọlé, kà á sí i létí. Èmi náà gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ, ta ló ń fi ìwé dágbére fún ẹni tó ṣe é lóore? Ìwé, onílé ló ń fún ayálégbé tí kò fẹ́ rí mọ́.

Mo ní, "Hàjàrá, jẹ́ kí Kifayah ọmọ ẹ bá ẹ kọ ọ́."

Ó ní, "Ẹlẹ́nu yìí, ṣé kí n máa lé wọn ni? Àwọn tó fún mi níná nígbà tí epo bẹntiróòlù di wúrà? Ojú ni màá fi dágbére."

Ló bá wọ léèsì ọdún Iléyá, ó di gàrí tó dáa jù. Ó mú Bàbá Sàníù, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀, dání, torí èèyàn kì í dá nìkan lọ dágbére. Èmi náà tẹ̀lé wọn. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì wọn lápá Alákíà. Ọdún ò tíì fẹ́ẹ̀ pé rárá nígbà yẹn. Hàjàrá kúnlẹ̀ fún Lateef, ọmọ tó lè bí.

"Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣàgbákò. Tọ́dún bá ti pé, ẹ wá ká wáyà yín."

Bàbá Sàníù ṣàdúà gígùn fún un.

Lateef ní, "Àmín o, Màmá. Mo ti gbọ́." Ó gba gàrí. À ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé.

Ọdún pé, ẹnikẹ́ni ò wá ká wáyà. Iye owó iná oṣù tuntun tí Hàjàrá máa san ni wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù Kifayah. A tún gbéra, àwa àti Kifayah. Lateef ti ríṣẹ́ síbòmíì. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Humairah ló wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó wá a, ó wá a.

"Màmá, a ò rí ìwé kankan."

"A wá fúnra wa!"

"Mo gbà yín gbọ́, Mà. Ìwé ni àdéhùn sọ."

Mo ní, "Ìwọ, nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ, ṣé lẹ́tà ni wọ́n jù sí bàbá ẹ?"

Ó ní, "Wọ́n kúkú mú lẹ́tà wá, Mà."

Mo yíjú sí Bàbá Sàníù.

Bàbá Sàníù ní, "Ọmọ mi, àgbà mẹ́ta la wá o. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu wa ò tó bébà ni?"

Ojú ti ọmọ náà. Ó ní ká kọ ọ́ báyìí, ìgbà tí ọdún tuntun yìí bá parí ló máa ṣiṣẹ́. Kifayah kọ ọ́, Hàjàrá tẹ̀ka sí i. Mo ń wá ẹni tí mo máa bú, mi ò rí.

Owó iná yẹn, kí ni yóò fi san án? Gàrí náà ni. Hàjàrá ti padà sídìí ààrò. Mò ń bá a yan díẹ̀, àmọ́ èmi náà ní tèmi láti yan, apá sì ń dùn mí. Ó ti di ìbòjú mọ́ imú, omi ń dà lójú ẹ̀.

"Ó ti gbẹ?" ló ń bi mí, torí kò rí i mọ́.

"Ó ku díẹ̀."

Ó tún tẹ orí wọnú èéfín.