Àwọn Tó Dúró sí Ògiri Ìfun

Ìfun ni iṣẹ́ Lydia Ọládùnjoyè. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Abuja, ó ń fi ẹ̀rọ wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú ògiri ìfun. Bí àrùn bá wọlé, ọmọ ogun ara á pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí ogun bá parí, ọ̀pọ̀ á kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ á dúró, wọn á sì máa rántí. Lydia fẹ́ràn àwọn díẹ̀ yẹn.

Ní òpin ọdún 2016, àwọn tó ń kán àjẹsára rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu dé ilé rẹ̀ ní Galadimawa. Ìyá rẹ̀, tó wá láti Èkìtì wá bá a tọ́ ọmọ, dá wọn padà lẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ kejì ni màmá náà fẹ́ gbé ọmọ náà, Mofìyìnfólúwa, lọ sílé fún ọdún Kérésì. Nígbà tí Lydia dé láti ibi iṣẹ́, àwọn alájẹsára ṣì wà nílé kejì.

"Màmá, ẹ ní kí wọ́n máa lọ?"

"Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ lọ́jọ́sí. Ṣé oúnjẹ ni, tí a ó fi máa bù kún un?"

"Abẹ́rẹ́ yẹn ò ní jẹ́ kó rọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ni àrùn náà ń gbà wọlé, inú ìfun ló ń sá sí. Abẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ara ọmọ lè le koko, kó sì kó o ran ọmọ ẹlòmíì."

"Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ara ò dé ìfun ni?"

Ìbéèrè náà dára. Lydia jókòó.

"Ó dé ibẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń rántí níbẹ̀ kì í bá ẹ̀jẹ̀ kiri mọ́. Bí Kérésì bá dé, gbogbo àdúgbò yìí á kó lọ sí Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Kàbà. Ta ló máa ń kù?"

"Ìyá Tony. Ó ní ibí nilé òun."

"Ta ló rí olè tó fo ògiri léṣìí?"

"Òun náà ni. Ó ní òun pariwo títí àwọn ọlọ́dẹ fi sáré dé." Màmá rẹ́rìn-ín. "Ohùn bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń rántí yẹn rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì aládùúgbò wọn nínú ògiri ìfun ló ń fún wọn ní ohun tí wọ́n fi ń wà láàyè. Bí ọ̀tá bá padà, wọn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí olè rí kò mọ ojú olè. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ló ń fi ojú ẹ̀ hàn wọ́n."

Màmá ń wo ọmọ.

"Ọmọ Bámiṣayọ̀ àbúrò rẹ wà nílé ní Èkìtì," ó ní. "Ìkókó ni. Orí ẹní kan náà la ó tẹ́ wọn sí."

Màmá nawọ́ sí ọ̀nà géètì.

"Lọ pè wọ́n."

Àlímátù, tó gbé àpótí àjẹsára kọ́ èjìká, ló wọlé. "Sànnu, Màmá," ó kí i lédè Hausa.

"Yauwa. Má bínú, ọmọ mi. Mo lé yín lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ ò lé wa, Màmá. Àwọn kan ń tú ajá sí wa."

Màmá fúnra rẹ̀ ló rọra fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí ẹnu fi là. Àlímátù kán ẹ̀kán méjì sí i. Ọmọ fajú ro, lẹ́yìn náà ó lá ètè.

Nígbà tí Àlímátù lọ, Màmá padà sídìí ẹrù tó ń dì.

"Ọdún mélòó làwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ń lò níbẹ̀?"

"Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn, Màmá."

"Wá a dáadáa. Bá mi di ẹnu àpò yìí mú."

Lydia dì í mú.