Ọwọ́ Tó Gba Àbídì

Etí títì ní Ìkirè ni mo ti kọ́kọ́ rí Sàlámọ̀tù, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Dòdò ló ń tà. Ó pọn ọmọkùnrin rẹ̀ Àbídì, ọmọ ọdún méjì, ó sì ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ Ikhlas, ọmọ ọdún mẹ́fà, jiyàn lórí eré orí ìtàgé kan tí wọ́n jọ lọ wò. Mo ra dòdò tán, wọn ò tíì parí àríyànjiyàn wọn.

Kò sí ohun tí Sàlámọ̀tù fẹ́ràn tó eré. Bàbá rẹ̀ ló máa ń gbé e lé èjìká lọ wòran nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ti pinnu pé àwọn ọmọ òun náà ò ní jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nìkan dàgbà. Ọkọ rẹ̀, Àbdùlràhmọ̀n, tó ń dáko ní Orílẹ̀-Òwu, kì í bá a jà sí i, ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń múra àtilọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ìyá Ikhlas, má gbójú kúrò lára àwọn ọmọ o. Ayé ti yàtọ̀."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo mọ Sàlámọ̀tù, ní ọjọ́ Sátidé kan, ó kó àwọn ọmọ náà lọ sí Àpòmù. Fúnmilọ́lá, olùkọ́ tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré, fẹ́ ṣe eré ọba tó ń sá fún òjìji ara rẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé ìwé rẹ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alásàlátù wá láti Ìkirè àti Àpòmù, gbogbo wọn nínú híjáàbù aláwọ̀ àlùkò kan náà, Sàlámọ̀tù pẹ̀lú.

Nígbà tí ọba bẹ̀rẹ̀ sí í bá òjìji jìjàkadì, Àbídì ń jà raparapa lórí itan ìyá rẹ̀.

"Gbé e wá," ni ohùn obìnrin kan wí lẹ́yìn.

Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa náà nìyẹn; ọmọ kì í jẹ́ ti ẹnì kan láàárín èrò. Sàlámọ̀tù ò tilẹ̀ yíjú. Ó tẹjú mọ́ ọba, ó na ọmọ sẹ́yìn, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí àwọ̀ àlùkò, ó sì gbà pé Ìyá Qaosarat, aládùúgbò rẹ̀, ni. Obìnrin náà sọ nǹkan kan sí i. Sàlámọ̀tù mi orí.

Nígbà tí wọ́n fa aṣọ ìtàgé pa dé fún ìsinmi, ó yíjú padà. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

Ìyá Qaosarat ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó mú omi inú ọ̀rá dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àbídì dà?"

"Àbídì wo? Ṣé mo bá ẹ gbé ọmọ ni? Ìta ni mo wà látìgbà yìí."

Sàlámọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri àárín èrò. Híjáàbù àlùkò tó ogójì nínú gbọ̀ngàn náà. Èyí tó bá sáré bá, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo, tàbí kó jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ló pọ̀n. Fúnmilọ́lá mú gbohùngbohùn, ó pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Sàlámọ̀tù di Ikhlas lọ́wọ́ mú títí ọmọ náà fi ń sunkún, ó sáré jáde sí ibùdókọ̀. Gbogbo ìtàn gbọ́mọgbọ́mọ tó ti gbọ́ lọ́jà ń dún létí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí obìnrin tó wọ irú híjáàbù yìí?"

Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ ẹ̀pà ní, "Mọ́mì, wọ́n pọ̀ o. Mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Gbọ̀ngán báyìí. Ọ̀kan nínú wọn pọnmọ."

Sàlámọ̀tù gbìyànjú láti rántí àwọ̀ bùbá tí Àbídì wọ̀, kò rántí. Èyí ló dẹ́rù bà á jù: ó lè sọ irú adé tí ọba orí ìtàgé dé, kò lè sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ wọ̀.

Ó ti ń gun ọ̀kadà nígbà tí Ìyá Qaosarat dì í mú. "Dúró ná, ìwọ obìnrin yìí. Agogo mẹ́rin àbọ̀ ti lù, ìrun alásárì ti tó. Ẹni tó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ wa, níbo ló yẹ kó wà?"

Mọ́sáláṣí wà lẹ́yìn ilé ìwé náà. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi pààlà fún àwọn obìnrin, ìyá arúgbó kan ń dá kírun. Ó pọnmọ, híjáàbù sì bo ọmọ náà lórí. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjì péré ló yọ síta. Sàlámọ̀tù ò lè fọwọ́ kan ẹni tó wà lórí ìrun. Ó dúró. Ìyá arúgbó tẹ̀ ba, ó dìde, ó forí kanlẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ohunkóhun ò lé. Sàlámọ̀tù ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ kékeré méjèèjì, kò sì dá a lójú pé ti Àbídì ni.

Arúgbó náà ṣe sàlámà sọ́tùn-ún, ó ṣe é sósì, ó wá yíjú.

"Ṣé wọ́n ti ṣeré tán ni?"

"Àlàájà, ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà lo gbé e fún mi. Mo ní mò ń lọ kírun, o mi orí bí alángbá. Àbí ìwọ ò kírun ní tìẹ ni?"

Sàlámọ̀tù jókòó sórí ẹní, ó bú sẹ́kún. Àbídì ń sùn. Arúgbó tú u kúrò lẹ́yìn, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní kó má ṣe jẹ́ kí Ikhlas náà sunkún mọ́.

Sàlámọ̀tù kò padà sínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé ilé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Àbdùlràhmọ̀n béèrè pé kí ni orúkọ Àlàájà náà. Sàlámọ̀tù ò tiẹ̀ béèrè.

Ó tó oṣù mẹ́fà kó tó tún lọ wòran. Ìkirè ló ṣì wà títí di òní, ó ń ta dòdò, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ti wà ní ilé ìwé kan náà.