Ọjọ́ tí A Wọn Ìfúnpá Ajá Bàbá Mi

Bàbá mi fẹ́ràn ajá wọn dénú, ṣùgbọ́n ẹ kò lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láéláé. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní Ṣakí, wọ́n ń ṣọdẹ díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kì í sì í fi ìrun ṣeré rárá. Tí wọ́n bá ti ṣe àlùwàlá, ajá kò gbọdọ̀ fara kàn wọ́n, torí ní tiwọn, itọ́ ajá ti bà á jẹ́ nìyẹn. Àwa ọmọ mọ̀, ajá náà mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá kírun alẹ́ tán, tí wọ́n gbé rédíò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni yóò tó wá gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ wọn.

Lọ́dún tí mo di nọ́ọ̀sì ni ajá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ògiri. Ojú rẹ̀ ń lọ. Àbúrò bàbá mi ní kí wọ́n kúkú yìnbọn fún un, pé kí ni èèyàn fẹ́ fi ajá ọdẹ tí kò ríran ṣe? Bàbá mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Ni mo bá lọ pe dókítà ẹran tí ìjọba gbé wá sí ìlú wa. Ó ní ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba ojú náà jẹ́, pé tó bá jẹ́ òun ni, oògùn wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kẹ̀? Ajá tí kì í ronú ọmọ, tí kì í ronú aya! Ó ní kí n yá òun ní aṣọ kékeré ara ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, èyí tí a fi ń wé apá ọmọ ọwọ́. Ó wé e mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ajá, ó fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí iṣan fi dákẹ́. Ó wá ń tú u díẹ̀díẹ̀. Iye tí ẹ̀rọ bá ń kà nígbà tí iṣan bá padà lù, òun ni ìfúnpá.

Ó ga jù. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ajá náà ló ń gbọ̀n.

"Ẹ̀rù ń bà á," ni dókítà wí. "Ẹ̀rù nìkan tó láti gbé e sókè, bó ṣe ń gbé tèèyàn. Mi ò lè fún un lóògùn lórí èyí. Ta ló fẹ́ràn jù nínú ilé yìí?"

Gbogbo wa wo Bàbá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ìrun alásárì tán ni, omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n wọn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun ná," ni mo wí.

Dókítà ní àwọn onímàlúù ń dúró de òun ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀. Ajá náà gbóòórùn wọn, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ wọn, torí ó mọ̀ pé àsìkò tòun kọ́ nìyí.

"Máa bọ̀ jàre," ni wọ́n wí. "Omi ṣì wà lámù."

Ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ wọn, ó mí kanlẹ̀. Dókítà ní sùúrù títí ara ajá náà fi balẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Ìfúnpá náà ti wálẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Ogbó ló ń mú ojú lọ, kò sì sí oògùn rẹ̀.

"Ṣé kò ní pa á?" ni Bàbá bi í.

"Kò ní pa á, Bàbá."

"Ó tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n lọ tún àlùwàlá ṣe. Àbúrò wọn kò sọ̀rọ̀ ìbọn mọ́.

Láti ọjọ́ náà, ajá afọ́jú yìí kò mọ àsìkò kankan mọ́. Ẹsẹ̀ wọn ló ń wá kiri láàárọ̀ lálẹ́, wọn kò sì lé e. Àmù wa wá ń tètè gbẹ, èmi ni mò ń pọnmi kún un.

Èmi náà ti dàgbà báyìí, èmi ni wọ́n ń wọn ìfúnpá fún. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké a ní, "Ẹ fara balẹ̀, Màmá." Mo máa ń wo ilẹ̀, mo máa ń wá ẹsẹ̀ bàbá mi.